Ẹni Tó Ń Kà Mí Láàárọ̀ Kùtù

Kí n tó dé Jos, mo rò pé mo mọ òtútù. Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, níbi tí òkè ti yí wa ká, tí ọyẹ́ sì máa ń la ètè èèyàn bó bá dé. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bu omi sára nínú ilé tí mo gbà ní Zawan, lẹ́bàá Jos, mo lọgun débi pé ìyá onílé sáré wá kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ó ń béèrè ní Haúsá bóyá ejò ni. N kò tíì mọ ohun tí Haúsá ń pe omi, mo ṣáà fi aṣọ ìnura bora, mo ṣílẹ̀kùn, mo ń nawọ́ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yé e, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ilé ti sọ mí ní Àǹtí Ruwa, ìyẹn Àǹtí Olómi. Orúkọ náà sì mọ́ mi lára ju bí mo ṣe rò lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà lókè òkun máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní Nàìjíríà kan náà ni mo wà, kí ni mo wá ń ráhùn sí. Òótọ́ ni, n kò la òkun kankan kọjá. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn bá ti ń nàka sí tòmátì kó tó lè rà á, ìdálẹ̀ ni. Oṣù tí mo kọ́kọ́ lò níbẹ̀, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ Yorùbá lójú títì, ńṣe ni mo máa ń rọra tẹ̀ lé e díẹ̀, kí n ṣáà gbọ́ ìparí ìtàn rẹ̀.

Apòògùn ni mí. Ilé ìtajà oògùn kan láàárín ìgboro ló gbà mí síṣẹ́. Iṣẹ́ náà kò yàtọ̀ sí ti ilé: èèyàn á wọlé, á wò yíká, á rẹ ohùn sílẹ̀, á sọ ohun tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Èmi á kó oògùn sínú ọ̀rá dúdú, màá sì ṣe bí ẹni tí kò rí i rí bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń yangàn pé ẹnu mi kò jò.

Èmi àti Bíọ́lá la jọ ń ṣiṣẹ́. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, àmọ́ Jos ni wọ́n bí òun àti bàbá rẹ̀ sí. Haúsá ló fi ń bínú, òun náà ló fi ń ka owó. Yorùbá rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Òun ni mo ń ro gbogbo ìṣòro mi fún, láàárọ̀, lọ́sàn-án, títí a ó fi tilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan ó gbé ike oògùn sílẹ̀, ó ní, "Haba, Àǹtí, ẹ lọ kọ ọ́ síbì kan jàre. Etí mi náà ń fẹ́ sinmi." Ọjọ́ yẹn gan-an ló bá mi ṣí búlọ́ọ̀gì.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa bàbá mi kí n tó lọ síwájú. Tíṣà ni. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ìjọba gbé e wá sí Plateau, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní Zawan fún ọdún púpọ̀. Ọdún tí ìlú dàrú ló sá padà sí Èkìtì pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Kò sọ ohun tó rí fún wa rí. Bí a bá dárúkọ Jos nílé, á dìde lọ wo adìyẹ. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo ríṣẹ́ síbẹ̀, kò pariwo. Ó ní, "Bó o bá lọ, má pè mí." Bàbá mi kì í sọ ohun tí kò ní ṣe.

Nítorí náà Màámi ni mo máa ń pè. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, màá tẹ fóònù, màá kí i, á kí mi, á béèrè bóyá mo ti rí ẹni tó ń ta iṣu gidi. Lẹ́yìn náà á ní, "Bàbá rẹ wà níbí." Kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ màá gbọ́ tí rédíò oníbátìrì bàbá mi ń lọ sókè, tí ẹni tó ń ka ìròyìn ń pariwo bí ẹni pé èmi gan-an ló ń bá jà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ara wa.

Búlọ́ọ̀gì náà gbèrú ju bí a ṣe rò lọ. Ohun tí ojú mi ń rí ni mo ń kọ, ní Yorùbá: bí mo ṣe fi Haúsá dúnàá dúrà fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sì ra ọ̀dùnkún òyìnbó tó ju èyí tí mo lè jẹ lọ torí ìdùnnú, bí ìyá onílé ṣe kọ́ mi ní sísè àcà, ọkà wẹ́wẹ́ kan tó dà bí iyanrìn, tó sì ń dùn jù ú lọ fíìfíì. Àwọn Yorùbá tó wà ní Jos bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Abẹ́ àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan ni àyè wà fún èsì, ìlànà tí a sì bá lára búlọ́ọ̀gì náà ni pé kí èèyàn kọ orúkọ, ímeèlì, àti ibi tó ń gbé. Mo kọ gbólóhùn kan sísàlẹ̀ pátápátá pé àṣírí òǹkàwé bò lọ́dọ̀ wa. N kò mọ àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀.

Alàgbà kan wà nínú ìjọ wa, ọmọ Èkìtì bíi tèmi. Kò fi àpilẹ̀kọ kan sílẹ̀ láìfèsì. Á kọ orúkọ rẹ̀ tán, á kọ ti bàbá rẹ̀, ìlú, agbo ilé, ìjọ, iṣẹ́ tó ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, nọ́ńbà fóònù méjèèjì, àti pé ilé òun ni ilé onígéètì aláwọ̀ ewé tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni èsì rẹ̀ á wá dé: "Mo ti kà á." Àwọn yòókù rí i pé báyìí ni àgbà ń ṣe, wọ́n bá tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí ẹni tó bá fẹ́ ja Yorùbá Jos lólè kò fi ní láti béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Búlọ́ọ̀gì mi ti tọ́ka gbogbo géètì fún un.

Mo pa nọ́ńbà àti àdírẹ́sì Alàgbà rẹ́. Ó pè mí kí n tó jẹun àárọ̀ tán. Ó fẹ́ mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀. Ó ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láìdárúkọ ara rẹ̀, olófòófó ni tàbí ọ̀tá, òun kò sì sí nínú méjèèjì. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àṣírí fún un. Ó gbọ́ mi délẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ tún gbogbo rẹ̀ kọ, pẹ̀lú nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ tó fi kún un.

N kò bínú sí i. Nílé wa, àìkíni kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí, a kì í sì í wọlé onílé ká má sọ ọmọ ẹni tí a jẹ́. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n bá ní "Ta nìyẹn?" lẹ́nu ọ̀nà, "Èmi ni" ni gbogbo wa máa ń dáhùn, èyí tí kò ṣàlàyé nǹkan kan. Nínú àjò, ìlànà yìí tún le sí i. Ẹni tó bá dárúkọ agbo ilé rẹ̀ fún ọ ní Jos, kì í ṣe pé ó ń júwe ilé. Ó ń rán ara rẹ̀ létí pé òun ní ibì kan tí wọ́n ti mọ òun.

Mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìpamọ́ àṣírí báyìí, àmọ́ èmi fúnra mi ní ihò kan tí mo ń gbà yọjú. Bíọ́lá ló fi ẹ̀rọ akaèrò sẹ́yìn búlọ́ọ̀gì, ká lè mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń kà wá. Ẹ̀rọ náà kò gbọ́n púpọ̀. Ó máa ń sọ pé Èkó ni gbogbo wa wà, títí kan èmi tí mo jókòó sí Zawan pẹ̀lú súwẹ́tà méjì lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ó mọ irú ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń kàwé, ó sì mọ àsìkò. Ibẹ̀ ni mo ti rí òǹkàwé kan.

Tábílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló ń lò, irú èyí tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun, tí ẹnikẹ́ni kò rà mọ́. Irú rẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé yìí: èyí tí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ bàbá mi fi ta á lọ́rẹ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Òǹkàwé náà kì í fèsì. Láàárọ̀ kùtù ló máa ń wọlé, ní àsìkò tí àwọn èèyàn wa máa ń parí àdúrà, á sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ nípa ọgbà oró ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi ń yí oko ká ní Zawan, ó kà á, ó lọ, ó tún padà wá kà á. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbá fóònù náà mọ́ àyà. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lọ síṣẹ́ láìwẹ̀.

Láti ìgbà náà, òun nìkan ni mo ń kọ̀wé sí. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀, màá kọ́kọ́ wò bóyá ó ti dé. Bó bá ti dé, mo ní bàbá lọ́jọ́ náà. Bí kò bá dé, màá bá Bíọ́lá jà nítorí àìsí ṣéńjì.

Ìyá Angwan Rogo ló da omi tútù sí mi lára lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe máa pè é. Orúkọ rẹ̀ ti rìn jù tẹ́lẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, opó ni, ó ń rán aṣọ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Angwan Rogo, àdúgbò kan ní Jos. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni nígbà tó dé Jos. Mo ti kọ àpilẹ̀kọ kan níbi tí mo ti béèrè pé ibo gan-an là ń pè ní ilé, ó sì fèsì sí i tọkàntọkàn. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ti ọkọ rẹ̀ tó ti kú, agbo ilé ọkọ, àti nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ló ní Jos ni òun fẹ́ kí wọ́n sin òun sí, pé òun kò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn àbúrò ọkọ òun tí wọ́n ń kọ́ yàrá sílẹ̀ de òun ní Ọ̀yọ́. Ọmọ ẹbí kan ní Ìbàdàn rí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lórí fóònù gbogbo ìdílé, wọ́n sì ti pe ìpàdé.

Ó wá sí ilé oògùn wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò sí èrò. Ó kọ́kọ́ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sọ ẹni tó jẹ́. Mo kúnlẹ̀. Mo ní mo ti yọ èsì náà kúrò. Ó ní ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n ti dá iṣẹ́ yàrá náà dúró, wọ́n ní Jos ti gba ìyàwó wọn lọ́wọ́ wọn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní fọ́ọ̀mù náà ló béèrè orúkọ, òun sì rò pé bí òun kò bá kọ ọ́, òun kò kíni nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun tí n kò retí.

"Bí mo bá ń kà á jẹ́ẹ́, tí n kò sọ nǹkan kan, ṣé o máa ń rí mi?"

Bíọ́lá wo ojú mi. Mo ní, "Mo máa ń rí díẹ̀, Màmá. Irú fóònù yín, àti ìgbà tẹ́ ẹ wá."

Ó ní, "Ta lò ń wá?"

Mo ní kò sí ẹni tí mo ń wá.

"Ọmọ mi," ló wí, "ẹni tó bá ń yọjú lójú fèrèsé ní gbogbo ìgbà, ó ní ẹni tó ń retí. Kò burú. Àmọ́ àwa yòókù tá a kàn ń kọjá lọ ńkọ́?"

Ó kó oògùn rẹ̀, ó lọ. Bíọ́lá ní kí n má dá ara mi lẹ́bi, kowa na yi, gbogbo ayé ló ń ṣe é, pé àwọn oníbúlọ́ọ̀gì ńlá mọ ìwọ̀n bàtà àwọn òǹkàwé wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí inú ọ̀rá oògùn, mo wá jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn ara mi, mò ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń wọlé. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. N kò kàn fẹ́ ṣe é ni. Bí mo bá yọ ẹ̀rọ náà, tábílẹ́ẹ̀tì náà á pòórá, n kò sì ní ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà mọ̀ pé bàbá mi ṣì ń bá mi gbé.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo dọ́gbọ́n bi Màámi bóyá tábílẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Màámi pòṣé. Ó ní òun kò mọ ohun tí bàbá mi ń fi ṣe. Ó ní láàárọ̀ kùtù ló máa ń gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé bí òun bá fẹ́ kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ńṣe ló máa ń da ojú rẹ̀ dé. Ìròyìn ni, ló máa ń sọ fún òun.

Ìtìjú mú mi. Ọkùnrin kan fi ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ilé sílẹ̀, ó lọ fara pa mọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé ó ń ka ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọmọ náà gan-an dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó lórí èjìká. Lọ́jọ́ Ajé mo ní kí Bíọ́lá yọ ẹ̀rọ akaèrò kúrò. Mo ní kó yọ orúkọ, ímeèlì àti àdírẹ́sì kúrò lára ibi èsì pẹ̀lú, kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ṣáà sọ ọ́, kó sì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó gbé e jáde. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní kó tètè ṣe é kí n tó yí ọkàn padà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e gùn. Mò ń kọ̀wé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú kànga. Alàgbà fẹ̀hónú hàn: bí kò ti sí àyè fún orúkọ mọ́, ó kó gbogbo agbo ilé rẹ̀ sínú èsì náà fúnra rẹ̀, èmi sì ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó gbé "Mo ti kà á" jáde. Àmọ́ ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n kò retí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́. Ẹnì kan kọ̀wé pé òun ti parọ́ fún àwọn ará ilé pé òun fẹ́ràn Jos, títí òun fi wá fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Ẹlòmíràn ní òun kò mọ èdè tí òun ń fi lálàá mọ́. N kò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́, mo sì mọ̀ wọ́n dáadáa.

Ní oṣù tí ọyẹ́ le jù, mo kọ nípa òtútù tó kọ̀ tí kò lọ: súwẹ́tà méjì, fìlà onírun, tíì gbígbóná, síbẹ̀ eyín mi ń lu ara wọn. Èsì kan dé láàárọ̀ kùtù.

N kò ní sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, torí kì í ṣe tèmi nìkan. N kò ní sọ ẹni tó kọ ọ́. Kò kọ orúkọ, n kò sì ní ẹ̀rọ kankan tó lè sọ fún mi mọ́. Ó ṣáà pè mí ní oríkì tí n kò kọ sí búlọ́ọ̀gì náà rí. Ó mọ àpáta kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Zawan, ó sì béèrè bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni màá sọ, nítorí ẹsẹ̀ ara mi ló kàn: ó ní òtútù Jos kì í gba orí wọlé, ẹsẹ̀ ló ń gbà, kí n yé dààmú fìlà, kí n lọ wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo sunkún títí oúnjẹ fi jóná lórí iná.

N kò gbé èsì náà jáde, n kò sì pa á rẹ́. Ìṣòro tó kù ni bí mo ṣe máa dáhùn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ti gbogbo ilẹ̀kùn. Kò sí ímeèlì, kò sí nọ́ńbà. Mo lọ wo àpáta náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àpilẹ̀kọ mi tó tẹ̀ lé e dá lórí oúnjẹ àcà, ṣùgbọ́n bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Mo ti wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ bí wọ́n ṣe ń fọ iyanrìn kúrò lára àcà.

Ọ̀rọ̀ náà rú àwọn èèyàn lójú. Alàgbà béèrè, pẹ̀lú gbogbo àdírẹ́sì rẹ̀, pé ìbọ̀sẹ̀ wo, kí ló sì ṣì wà níbẹ̀. Mo dá a lóhùn pé òfin àṣírí òǹkàwé kò gbà mí láyè láti sọ. Ẹnì kan tí kò kọ orúkọ, tí mo rò pé ó ń rán aṣọ, kọ gbólóhùn kan péré: "Ó ti kọjá lójú fèrèsé nìyẹn."

Lọ́jọ́ Àìkú mo pe Màámi. A kí ara wa, a sọ̀rọ̀ iṣu. Ó ní, "Bàbá rẹ wà níbí." Mo dúró de rédíò.

Rédíò náà kò lọ sókè. Mo gbọ́ tí ó dákẹ́ lójijì, tí gbogbo ilé pa lọ́lọ́, tí ẹnì kan sì rọra fa àga súnmọ́ fóònù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀, pé ara mi le, pé ẹsẹ̀ mi móoru.

Màámi ní, "Ta ló bi ọ́ léèrè ẹsẹ̀?" Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá rẹ pa rédíò. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àbí bátìrì rẹ̀ ló kú?"

Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bátìrì.